Ẹni Tó Fìdí Rẹmi Ló Ń Ka Èsì

Láti ìgbà tí mo ti wà ní pámárì ni bàbá mi ti jẹ́ alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀. Wọn kò jalè, wọn kò ṣe màgòmágó. Àwọn ni wọ́n sáré kiri títí a fi rí tiransifọ́mà gbà. Ṣùgbọ́n oyè dùn, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Nínú oṣù Kejìlá, onílé kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ bá wọn du ipò náà. Ọgbà wa la ti dìbò. Akọ̀wé ń ka ìwé ìbò lójú gbogbo wa, ti ọkùnrin yìí sì ń ga ju ti bàbá mi lọ. Kí akọ̀wé tó lanu kéde, bàbá mi dìde, wọ́n tẹ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìparí. Kò sí onílé tí kò mọ̀ pé bí àdúrà ìparí bá ti wáyé, ìpàdé ti tú nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ta ni yóò dá Àlàájì dúró láàárín àdúrà? Àwọn ènìyàn ṣe àmín, kálukú gbé àga rẹ̀ lọ sílé. Ẹ̀rín ń pa mí, ojú sì ń tì mí.

Àdúgbò pín sí méjì. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ti géètì kò mọ àṣẹ ẹni tí òun yóò tẹ̀lé. Ní mọ́ṣáláṣí, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi ń wojú ilẹ̀. Orúkọ rere tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn kó jọ ń bàjẹ́ lọ, ó sì ń dùn mí wọra. Nígbà tí màmá mi sọ pé ohun tí wọ́n ṣe kò dára, bàbá mi ní kí màmá má dá sí ọ̀rọ̀ ìpàdé.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kínní, lẹ́yìn ìrun màgàríbì, èmi àti bàbá mi ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fi hàn, ìbò ààrẹ ni wọ́n ń kà. Ọdún mẹ́rin ṣáájú, a ti rí i tí èrò rẹpẹtẹ ya wọ ilé yẹn, tí wọ́n fọ́ fèrèsé, kí ìbò kíkà má bàa parí. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn aṣòfin ti padà wá kà á tán. Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin kan ló wà lórí àga ìdarí.

“Ta nìyẹn?” ni bàbá mi bi mí.

“Igbákejì ààrẹ wọn ni, Bàbá. Òun ló bá ọkùnrin tó wọlé díje.”

“Ẹni tó fìdí rẹmi? Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?”

“Òfin wọn ní òun ni kó kéde èsì.”

“Kò tiẹ̀ lè sọ pé ara òun kò yá lónìí?”

Obìnrin náà ka iye ìbò alátakò rẹ̀, ó sì ka tirẹ̀ tó kéré. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìrẹsì wa kò tíì jinná lórí iná tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Orí mi wú. Mo mọ̀ pé àwọn ará Amẹ́ríkà kì í ṣe màlékà. Wọ́n ń bú ara wọn bí ọmọ ìyá tó ń pín ogún. Ṣùgbọ́n kí ìlànà lágbára débi tí ènìyàn yóò fi ẹnu ara rẹ̀ kéde ìjákulẹ̀ ara rẹ̀! Ó bà mí lẹ́rù, ó sì wù mí.

Ìpolówó ọjà bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ní, “Obìnrin yẹn láyà o.”

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ onílé tún ṣe ìpàdé nínú ọgbà wa. Bàbá mi ló kọ́kọ́ dìde.

“Ẹ dákun, ẹ gbọ́,” ni wọ́n wí. “A dìbò lóṣù tó kọjá, èsì ò tíì jáde. Èmi ni mo dá a dúró, èmi náà ni màá kéde ẹ̀. Mo fìdí rẹmi. Ọkùnrin yìí ló wọlé.”

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà jáde láti ẹ̀yìn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan èjìká ọkùnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ.

“Ẹ dìde, alága,” ni wọ́n wí. “Àga yín nìyí.”

Wọ́n wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Omijé ń dà lójú mi, n kò sì nù ún.