Ọwọ́ Tí Orrin Haskett Ń Wá Lójú Ọ̀run

Àwọn tó máa ń lo ìgbà òtútù ní aginjù ẹ̀yìn ìlú Quartzsite mọ Orrin Haskett dáadáa, torí kò sí ẹni tó ń pẹ́ bíi tirẹ̀ kó tó yan ibi tí yóò pa ọkọ̀-ilé rẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbé inú rẹ̀, sí. Ilẹ̀ tó tẹ́jú àti òjìji igi ni àwọn yòókù ń wá. Ojú ọ̀run ni Orrin ń wò. Á sọ̀ kalẹ̀, á gbé fóònù sókè, á máa yí bírí bí adìyẹ tó fura sí àṣá. Ibi tí ọ̀run bá ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, níbẹ̀ ni yóò dúró sí, kódà bí oòrùn ibẹ̀ bá fẹ́ yan án bí àgbàdo.

Adití ni Orrin. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i, bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ṣe bí Ardith, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ní oko kan ní Nebraska. Bàbá àti ìyá wọn ń gbọ́ràn, wọn kò sì mọ èdè ọwọ́ táwọn adití ń sọ. Ardith ló kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití. Nígbà ìsinmi, inú abà tí wọ́n ń kó koríko màlúù sí ló ti ń kọ́ àbúrò rẹ̀ ní ohun tó bá kọ́. Bí bàbá wọn bá wá pa àtùpà, wọ́n á gbé ọwọ́ lé ọwọ́ nínú òkùnkùn, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Orrin ní láyé, ọwọ́ Ardith ló ti gbà á.

Ilé ìtẹ̀wé ìròyìn ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ti ń lé àwọn tó ń gbọ́ràn sá. Nígbà tí Nadine ìyàwó rẹ̀ kú, ó ta ilé, ó ra ọkọ̀-ilé, ó sì bọ́ sọ́nà. Ìlérí kan ṣoṣo ni Ardith gbà lọ́wọ́ rẹ̀: ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ibi yòówù kó wà, kí àwọn méjèèjì rí ara wọn lórí fóònù.

Ẹni tó ń gbọ́ràn lè fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò nípọn ju fọ́nrán òwú lọ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ti adití kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà, n kò sì tíì rí ẹni tí òwe náà bá mu tó Orrin. Bí àwòrán bá dúró gbagidi, ọwọ́ tó ń lọ sókè kò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́, gbólóhùn á sì kọ́ sáàárín ọ̀nà.

Ìgbà kan wá dé tí ọwọ́ Ardith bẹ̀rẹ̀ sí í já lójú fóònù. Á gbọ̀n, á pín sí méjì, á dà bí ewé nínú afẹ́fẹ́. Orrin bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó gbé ẹ́ríà sórí òrùlé ọkọ̀. Ó fi láìnì fóònù kejì kún ti àkọ́kọ́. Ó fi igbó Utah tó fẹ́ràn sílẹ̀ nítorí àwọn igi ibẹ̀ ń dí ọ̀run. Bó bá sì bi Ardith bóyá ó ti dáa, Ardith á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì ni, kó wá ibòmíràn. Ohun tó ń dẹ́rù ba Orrin kò ju ọ̀kan lọ: pé ẹ̀gbọ́n òun yóò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, òun kò sì ní gbọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí ló ra díìṣì tí ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì tààrà láti ọ̀run. Marlys Teague, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀ rí, tí ọkọ̀ rẹ̀ wà nítòsí, ló bá a di àkàbà mú. Èdè ọwọ́ díẹ̀ tí Orrin kọ́ ọ ló fi ń yọ ọ́ lẹ́nu.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o wo ìyàwó rẹ tó bí o ṣe ń wo ọ̀run yìí nígbà tó wà láyé?"

"Ìyàwó mi kì í sá pamọ́ sẹ́yìn òkè bíi nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

Nírọ̀lẹ́, bí oòrùn ṣe ń wọ̀, àwọn sátẹ́láìtì, ẹ̀rọ ojú ọ̀run tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí díìṣì, yọ lápá ìwọ̀ oòrùn, wọ́n tò tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn, wọ́n ń lọ láìyára, láìdúró. Gbogbo ibùdó jáde wò wọ́n. Orrin ṣí fìlà. Ó ń rò ó pé láàárín àwọn iná kéékèèké wọ̀nyẹn ni ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun yóò gbà kọjá.

Ní òwúrọ̀ Àìkú, àwòrán náà mọ́ bí omi orísun. Orrin rí òdòdó ara kọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn Ardith. Ó rí irunmú ológbò rẹ̀. Ó rí aago ara ògiri, tí abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ń yí lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìfò, láìjá. Ẹnu yà á. Kò rí yàrá náà kedere tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún tó ti bọ́ sọ́nà. Nígbà náà ni Ardith gbé ọwọ́ sókè láti kí i.

Aago ń lọ déédéé. Ológbò jókòó jẹ́ẹ́. Ọwọ́ Ardith ń gbọ̀n.

Orrin wo aago náà títí. Ó padà wo ọwọ́.

"Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì," ló wí.

Ardith fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, bí adití ti ń dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú wọn jáde.

"Ọwọ́ mi ni. Ó ti pẹ́. Dókítà ní kò ní lọ."

"O wá jẹ́ kí n máa gun òrùlé ọkọ̀ ní ọjọ́ orí yìí?"

"Mo rò pé wàá já bọ́ níkẹyìn, n ó sì sinmi." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì tán. "O fẹ́ràn láti máa tún nǹkan ṣe. Mo fún ọ ní èyí tó ṣeé tún ṣe."

Ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan. Orrin kò mú un. Ó ní kó tún un sọ. Ardith tún un sọ, ọwọ́ náà fọ́nká mọ́ Orrin lójú. Ìgbà kẹta ló tó hàn: ẹ̀rù ń ba òun pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ òun mọ́.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, Orrin ti tú díìṣì náà kalẹ̀. Marlys bi í bóyá kò ṣiṣẹ́ ni.

"Ó ṣiṣẹ́ kọjá bí mo ṣe rò," ni Orrin wí, ó sì gbé e lé Marlys lọ́wọ́ pé kó máa lò ó títí òun yóò fi padà.

Ó gba àárín òkè Colorado kọjá nínú yìnyín. Fóònù wà nínú àpótí ọkọ̀, kò sì wo iye nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó dé Nebraska, ó pa ọkọ̀ sí àgbàlá Ardith lábẹ́ igi ńlá kan tó dí gbogbo ọ̀run, irú ibi tí kò dúró sí rí. Ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà tó ń fi iná pe adití, iná yàrá sì tàn, ó kú, ó tún tàn.

Wọ́n jókòó sídìí tábìlì. Ardith gbé ọwọ́ sókè, ó sì rí i lójú Orrin pé ọ̀rọ̀ náà tún ti fọ́nká. Ó fẹ́ fà wọ́n padà sábẹ́ itan. Orrin na ọwọ́ tirẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ọwọ́ Ardith, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nínú abà nígbà tí àtùpà bá kú. Ó di ojú.

Gbígbọ̀n náà wọ inú ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó jẹ́ kó máa wọlé. Ó dúró dè é. Bí ó ti ń dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ nǹkan mìíràn lábẹ́ rẹ̀, bí omi tó ń ṣàn lábẹ́ ewé tí ẹ̀fúùfù ń mì: ọ̀rọ̀ Ardith nìyẹn, odindi, kò fọ́, bí ó ti wà láti ìgbà tí Orrin wà ní kékeré. Ó ń bi í bóyá ó ti jẹun.

Orrin ní kó tún un sọ, bẹ́ẹ̀ ó ti gbọ́ ọ.