Ẹ̀bọ̀lọ̀ Tí A So Àkísà Mọ́

Mi ò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbin ẹ̀bọ̀lọ̀ sẹ́yìn ilé wa ní Oǹdó, ọgbọ́n orí ara mi ni mo sì lò. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bóyá ẹ ò tiẹ̀ mọ ẹ̀bọ̀lọ̀. Ẹ̀fọ́ ni, ewé rẹ̀ rọ̀, ó sì ní òórùn kan tí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò máa yínmú sí. Àwa kì í yínmú sí i. Bí ìyá mi bá fi ẹ̀gúsí àti irú sè é, tó gbé iyán tì í, ilé wa a pa rọ́rọ́, nítorí kò sẹ́ni tó ráyè sọ̀rọ̀.

Oko ni a ti ń rí i. Bí bàbá mi bá ti ṣán igbó, tó dáná sun ún, tí òjò àkọ́kọ́ sì rọ̀, ẹ̀bọ̀lọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín eérú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Ṣùgbọ́n oko jìn, ẹsẹ̀ a sì máa dùn mí, ni mo bá rò ó pé kí n mú un wá sílé. Mo já òdòdó rẹ̀ tó ti gbó, tó ti di òwú funfun, mo gbẹ́ kòtò bí ẹni fẹ́ gbin àgbàdo, mo sin ín, mo sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Àràárọ̀ ni mo ń bomi rin ín. Koríko lásán ló hù níbẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Nígbà tí mo ròyìn fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní òkú ni à ń sin, a kì í sin ẹ̀bọ̀lọ̀. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀, níbi tó máa ń da eérú sí, ó fẹ́ òwú náà sórí eérú, ó ní kí n fi ìyókù sílẹ̀ fún òjò. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀bọ̀lọ̀ kan tó ga ju gbogbo ìyókù lọ, tí wọ́n so àkísà pupa mọ́. Màmá náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já èyí tí wọ́n bá so àkísà mọ́, nítorí òun ni ìyá àwọn tí a ó jẹ lọ́dún tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi wá sí Àkúrẹ́. Mo ti fẹ̀yìntì, ilé ọmọ mi ọkùnrin ní Ẹ́sítéètì Ijapo ni mo sì ń gbé báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ní òun fẹ́ fi òkúta íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo àyíká ilé, kí ẹrẹ̀ àti koríko lè dópin. Mo ní kó fi igun kan sílẹ̀ fún mi lẹ́bàá fẹ́ǹsì, kí n fi gbin ẹ̀bọ̀lọ̀.

Ó ní, “Màmá, ẹ̀fọ́ kún ọjà. Ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́, màá rà á.”

Mo ní kó lọ rà á wá. Ó gbé mọ́tò lọ, tẹ̀tẹ̀ ló gbé bọ̀. Mo wo tẹ̀tẹ̀, mo wo ọmọ mi, inú bí mi. Nígbà tó rí ojú mi, ó ní ó dáa, bí mo bá rí irúgbìn rẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé lóṣù tó ń bọ̀, kí n mú igun náà. Ó rò pé mi ò ní rí i.

Ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ òótọ́. Àwọn tó ń tà á ní Àkúrẹ́, kékeré ni wọ́n ti ń fà á tu. Nígbà tí mo bèèrè èyí tó ti gbó, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Màmá, ta ló máa gbé ẹ̀fọ́ tó ti yọ òdòdó lọ sí ilé?” Mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta irúgbìn. Kùkúńbà wà níbẹ̀, kárọ́ọ̀tì wà níbẹ̀, kábéèjì pàápàá wà. Ó gbọ́ ẹ̀bọ̀lọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, koríko nìyẹn. Oògùn tó ń pa á ni mo ń tà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi dé Oǹdó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá àgbà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà nílé, òun náà sì ti hu ewú. Èdè Oǹdó ló ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbé e sí èyí tí gbogbo yín gbọ́. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó ní, “Àbúrò mi, ṣé ìwọ ò mọ ẹ̀yìn ilé ìdáná mọ́ ni?” Mo yí lọ síbẹ̀. Gáàsì ni wọ́n fi ń dáná nínú ilé, síbẹ̀ igi ni òun fi ń dáná níta, ó ń da eérú síbi tí ìyá rẹ̀ ń dà á sí. Ẹ̀bọ̀lọ̀ kan dúró níbẹ̀, àkísà pupa wà lọ́rùn rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Ó já òdòdó rẹ̀ mẹ́ta fún mi, ó fi bébà wé e. Nínú mọ́tò, mo ní kí gbogbo èrò yí gíláàsì sókè kí afẹ́fẹ́ má baà gbà á lọ́wọ́ mi. Ooru mú wa dé Àkúrẹ́. Wọ́n kùn, mo jẹ́ kí wọ́n kùn.

Mo kó igi gbígbẹ jọ sí igun mi, mo dáná sun ún. Ará ilé kejì yọjú, ó ní èéfín ń wọ aṣọ tí òun sá. Mo bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n mi ò pa iná. Mo fẹ́ òwú náà sórí eérú, mi ò fi nǹkan kan bò ó. Nígbà tí àwọn oníńtálọ́ọ̀kì dé pẹ̀lú yanrìn, ohun kankan kò tíì hù. Ọmọ mi ní, “Màmá, eérú lásán nìyí.” Mo gbé àga mi síwájú eérú náà, mo jókòó. Láti àárọ̀ títí wọ́n fi kó irinṣẹ́ wọn, mi ò kúrò níbẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán mi, ibẹ̀ ni mo ti jẹ ẹ́. Wọ́n yí mi ká, wọ́n to òkúta wọn tán, wọ́n lọ.

Lẹ́yìn òjò kejì, ó hù.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò sì bá a jà. Mo gbádùn gáàsì, mo gbádùn omi ẹ̀rọ, mi ò fẹ́ rin ìrìn oko yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan dúró níwájú mi kó pe oúnjẹ ìyá mi ní koríko, èyí ni mi ò ní gbà títí màá fi kú. Nínú oúnjẹ ìyá yín náà, ẹ wá èyí tí wọ́n ń ta oògùn tó ń pa á, kí ẹ sì wá irúgbìn rẹ̀ lọ.

Mo ya etí ìró mi àtijọ́, mo so ó mọ́ èyí tó ga jù. Ó gbó, ó di òwú, afẹ́fẹ́ gbé e fò kọjá fẹ́ǹsì. Lánàá, mo rí ẹ̀bọ̀lọ̀ kékeré kan tó yọrí láàárín òkúta íńtálọ́ọ̀kì méjì, níwájú ilẹ̀kùn ọmọ mi gan-an. Kí ó tó ti ibi iṣẹ́ dé, mo ti so àkísà mọ́ ọn.