Ọ̀wẹ̀ Tí Aládùúgbò Wa Pè

Eyín mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tí òmíràn ń hù, ní ọdún tí ìjì ṣí Ìkẹ́rẹ́ lórí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń rí ìjì nínú fóònù, tí ẹ ń fi ìka tì í kọjá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ọ̀sán gangan ni. Afẹ́fẹ́ bọ́ láti ẹ̀yìn àpáta, kò sì pẹ́ rárá. Nígbà tó lọ, páànù wà lórí igi obì, páànù wà nínú oko kòkó, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì sì dojú bolẹ̀ ní ọ̀nà odò.

Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà. Ọmọ Ẹmùrẹ́ ni, ó wá kọ́lé sí Ìkẹ́rẹ́. Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ti ń ṣe láyé ọjọ́un, inú yàrá yẹn náà sì ni ìyá mi jókòó sí, tó ń ṣe opó. Afẹ́fẹ́ gbé òrùlé kúrò lórí rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ dúdú, ó ń wo ojú ọ̀run. Àwọn obìnrin àdúgbò ń kígbe pé kó jáde. Ó ní, "Ulé ọkọ mi rè é. Èmi kè é jáde."

Kò sunkún. Èmi náà kò sunkún. Mo wá ẹ̀rù nínú ara mi, n kò rí i. Ara mi kàn kú ni, bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé pẹ́.

Ògiri amọ̀ ni tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ bá búlọ́ọ̀kù láyé kò lè mọ̀ ọ́n: bí ògiri amọ̀ bá wà ní ìhòòhò, òjò kan yóò rọ̀ ọ́, òjò kejì yóò wó o. Àkọ́kọ́ ti bá ìjì náà wá. Ìkejì ni gbogbo ìlú ń bá sáré. Àwa ọmọdé ń ṣa ìṣó nínú koríko, a ń fi òkúta lù wọ́n kí wọ́n lè tọ́. Àwọn ọkùnrin ń tẹ́ páànù tó ti ká sórí ìtì igi, wọ́n ń fi kùmọ̀ nà án. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó ń jà.

Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń kan òrùlé. Gbogbo ọkùnrin àdúgbò á péjọ sí ilé kan, wọ́n á kàn án tán, ó di ilé ẹlòmíràn lọ́jọ́ kejì. Kò sí ẹni tó ń gbowó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe ọ̀wẹ̀ ni yóò gúnyán. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti há. Ní àdúgbò wa, ẹnìkan kì í jẹ oúnjẹ ọwọ́ opó títí yóò fi bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Èmi kò tíì lè gbé ọmọ odó. Ẹbí bàbá mi wà ní Ẹmùrẹ́, ìjì kò dá tiwọn náà sí. Nítorí náà, wọ́n ń fo ilé wa. Wọn kì í ṣe ìkà o. Wọ́n á wo ògiri wa, wọ́n á mi orí, wọ́n á kọjá.

Ìyá àgbàlagbà kan wà ní ilé kejì sí wa, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó. Òun àti ìyá mi kì í kí ara wọn. Ewúrẹ́ rẹ̀ ti jẹ iṣu wa rí, ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sì fi ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbé mì. Òrùlé tirẹ̀ náà ti lọ. Nígbà tó kan ilé rẹ̀, ó gún iyán láti àárọ̀. Àwọn ọkùnrin gbé àkàbà dé. Ló bá gbé iyán kọjá ilé ara rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ilé wa.

Àgbà ọkùnrin kan ní, "Ìyá, ulé rẹ kọ́ rè é."

Ó ní, "Mo mọ ulé mi. Èmi ni mo pe ọ̀wẹ̀, èmi ni mo gúnyán. Ubi tí mo bá gbé e sí ni ẹ ó gùn."

Ọkùnrin Èkìtì kì í jẹ́ kí iyán tutù nítorí àríyànjiyàn. Wọ́n gùn ún. Ìyá mi gbọ́ òòlù lókè orí rẹ̀, ó gbójú sókè. Kí oòrùn tó wọ̀, a kò rí ojú ọ̀run mọ́.

Wọ́n ṣèlérí fún ìyá náà pé bí ọ̀wẹ̀ bá ti kárí gbogbo ilé, àwọn yóò padà sí tirẹ̀, nítorí ẹnìkan kì í pe ọ̀wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kárí. Òjò kò dúró dè wọ́n. Ojú wa ni ògiri rẹ̀ ṣe yọ́ wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń wò ó. Nígbà tó wó tán, ó ká ẹní rẹ̀, ó wọ yàrá ìyá mi. Ìyá mi sún fún un.

Ó bá wa gbé títí tó fi kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti mú un lọ sí Èkó, kò tẹ̀ lé wọn. N kò gbọ́ kí ìyá mi fi ẹnu dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó kú, ìyá mi ní inú yàrá yẹn ni kí wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbà.

Ìjì tún jà níbí láìpẹ́ yìí. Àwọn ọmọ mi fi owó ránṣẹ́, káfíńtà dé pẹ̀lú ẹ̀rọ, òrùlé mi padà kíá. Títí di òní, tapólì ni wọ́n fi bo ilé tó kọjú sí tèmi. N kò mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Fẹ́ǹsì wọn ga, géètì wọn kì í ṣí. Mo ń wo tapólì náà láti ojú fèrèsé. Ó yẹ kó dùn mí. Kò dùn mí, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọmọ mi ọkùnrin wá wo ilé amọ̀ àtijọ́ náà, ó fẹ́ wó o kó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Ó bá ibojì méjì nínú yàrá. Ó mọ̀ pé ìyá mi wà ní itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ayé ti yí padà kó tó kú. Ó ní, "Màámi, mo mọ Bàbá àgbà. Ta ni ìkejì? Báwo ló ṣe bá wa tan?"

Mo ní kò bá wa tan.

Ó ní kí ló wá ń ṣe nínú ilé wa?

Mo ní, "Ilé rẹ̀ ni."