Ọjọ́ Mẹ́jọ Mẹ́jọ

Òórùn káńfọ̀ àti ti páálí tuntun ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù oògùn yẹn ní Bọ́ládé, l'Ékòó. Níta, èéfín mọ́tò àti àgbàdo sísun ló gba afẹ́fẹ́, àwọn tó ń kiri ọjà sì ń pariwo borí ara wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ti ilẹ̀kùn gíláàsì yẹn wọlé, ariwo á rẹlẹ̀ lójijì, òtútù á kàn ọ́ lójú, òórùn káńfọ̀ á sì tẹ̀ lé e. Fíríìjì funfun kan wà lẹ́yìn káńtà tó máa ń kùn ṣáá, inú rẹ̀ ni oògùn tí ooru kò gbọdọ̀ kàn máa ń wà. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn káńfọ̀ níbikíbi, iwájú fíríìjì yẹn ni ọkàn mi máa ń lọ, àti ọ̀dọ̀ àǹtí tó máa ń dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bírò lẹ́yìn etí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù oògùn mẹ́ta ni Alhaja tó gbà mí síṣẹ́ ní, ọ̀kan ní Bọ́ládé, ọ̀kan ní Òkè-Àfà, ọ̀kan ní Ire-Àkàrí. Sítọ́ọ̀ ńlá tó ń pín oògùn fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní Ìsọlọ̀, yàrá kékeré kan lókè sítọ́ọ̀ náà sì ni tèmi. Tẹ́lẹ̀, inú ìwé ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan máa ń kọ iye oògùn tó kù lọ́wọ́ wọn sí, ẹnì kan á sì mú ìwé náà wá sí Ìsọlọ̀. Alhaja fẹ́ kí ìyẹn dópin. Iṣẹ́ mi ni láti ṣètò rẹ̀ lórí kíláòdù, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí a ń háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù máa dá ara rẹ̀ lọ sí sítọ́ọ̀ ní àkókò tí a bá dá fún un, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bọ́ládé la fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjì tó kù ṣì ń lo ìwé tiwọn.

Ojú ibi tí a ti ń dá àkókò náà kò ṣòro. Àpótí kan ń béèrè nọ́mbà, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń béèrè bóyá wákàtí ni, tàbí ọjọ́, tàbí ọ̀sẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá Alhaja kí n má baà méfò. Wọ́n wà lórí fóònù, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

“Alhaja, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó máa lọ?”

“Ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ, bíi ti ìwé àtijọ́. Mọ́ńdè yìí ni kó bẹ̀rẹ̀.”

“Ọjọ́ mẹ́jọ, mà?”

“Ah-ah! Ṣé èdè Faransé ni mo sọ ni? Ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ.”

Mo padà gòkè, mo kọ 8 sínú àpótí kìn-ín-ní, mo mú ‘ọjọ́’ nínú èkejì. Lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí mo kà sí iṣẹ́ gan-an. Aago àwọn kọ̀ǹpútà yẹn kì í ṣe aago Èkó, ó fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Bí èèyàn bá kọ aago méje síbẹ̀, aago mẹ́jọ ló máa lọ lọ́dọ̀ wa. Mo kọ mẹ́fà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rántí bí inú mi ṣe dùn tó sí wákàtí kan yẹn, torí mo gbà pé ibẹ̀ ni ẹni tí kò fara balẹ̀ ti máa ṣubú.

Àǹtí tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù Bọ́ládé ni mo kọ́ bí wọ́n á ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Ọmọ Ìwó ni wọ́n, wọ́n háyà yàrá kan ní Òkè-Àfà, wọ́n sì ti pẹ́ lọ́dọ̀ Alhaja ju gbogbo wa lọ. Ìyá Ìbejì ni Alhaja máa ń pè wọ́n. Èmi, wọ́n ń pè mí ní Ẹnjiníà, n kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ń yẹ́ mi sí ni àbí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dà bíi pé méjèèjì ni. Ìka ìlábẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń wá iyọ̀ lórí tábìlì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣì í tẹ̀.

“Ẹnjiníà, tí kọ̀ǹpútà yìí bá lọ sọ ohun tí mi ò sọ, ìwọ ni màá dì mú o.”

“Kò lè ṣẹlẹ̀, Àǹtí. Ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀ náà ló máa gbé lọ.”

Mo tún sọ fún wọn pé kí wọ́n jáwọ́ nínú ìwé kíkọ, pé kíkọ nǹkan kan náà síbi méjì ló máa ń mú àṣìṣe wá. Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n wò mí, wọ́n sì tì í bọ abẹ́ káńtà.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, aago méje géérégé, àkọsílẹ̀ náà dé Ìsọlọ̀. Àmì gírìnì kan yọ lójú kọ̀ǹpútà mi, tó túmọ̀ sí pé ó lọ láyọ̀, ó dé láyọ̀. Alhaja pàtẹ́wọ́. Àmọ́ nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, Àǹtí pè mí.

“Ẹnjiníà, kí lẹ kó wá fún mi yìí? Èyí tó kún ọwọ́ mi lẹ tún kó wá. Èyí tí mi ò ní, kò sí níbẹ̀.”

Mo wo kọ̀ǹpútà mi. Àmì gírìnì. “Ó ti lọ, Àǹtí. Aago méje àárọ̀ yìí ló lọ.”

“Ó lọ síbo?”

“Sí Ìsọlọ̀, níbí.”

“Ẹ sọ fún un kó padà wálé o, torí mi ò rí i,” wọ́n ní, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí n ti béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà: ọjọ́ wo ni sítọ́ọ̀ máa ń di ẹrù? Ìsàlẹ̀ yàrá mi ni wọ́n ti ń dì í. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá sítọ́ọ̀ máa ń ka àkọsílẹ̀, ọ̀sán ló máa ń di ẹrù, ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ máa ń gbéra. Nígbà tí tiwa fi máa dé ní aago méje ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ ti lọ. Àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá sítọ́ọ̀ bá níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, òun ni wọ́n sì lò. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n wo déètì. Ọ̀rọ̀ náà ì bá má ju ìbéèrè kan lọ.

Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ínsúlìn, oògùn àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ku ìgò méjì péré nínú fíríìjì Bọ́ládé. Ṣùgbọ́n ẹrù tó dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e kò ní ínsúlìn nínú. Àǹtí pe sítọ́ọ̀. Ọ̀gá sítọ́ọ̀ ní, “Mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ yín nínú ìwé tèmi o, Ìyá Ìbejì. Ẹ tún fíríìjì yín wò dáadáa.” Kó tó di Ọjọ́bọ̀, méjèèjì ti tán.

Bàbá kan wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, tó jẹ́ pé lọ́wọ́ Àǹtí nìkan ni wọ́n ti máa ń ra ínsúlìn wọn, torí Àǹtí ló máa ń ṣàlàyé bí wọ́n á ṣe fà á sínú abẹ́rẹ́ láìkánjú. Wọ́n wá ní Ọjọ́bọ̀, kò sí. Wọ́n wá ní ọjọ́ Ẹtì, kò sí. Àǹtí ní kí wọ́n lọ rà á níbòmíràn, wọ́n ní àwọn á dúró. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n gbé Bàbá lọ sí ọsibítù. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé nọ́mbà tí mo kọ ló gbé wọn débẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà, ẹsẹ̀ wọn sì lè gbé wọn débẹ̀. Àmọ́ ká ní nọ́mbà yẹn tọ̀nà ni, ínsúlìn ì bá wà nínú fíríìjì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyẹn dá mi lójú.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọbìnrin Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń pariwo títí àwọn èrò ibùdókọ̀ fi ń yọjú. “Ẹ ní kí bàbá mi máa lọ, kí wọ́n máa bọ̀! Ṣé búrẹ́dì ni wọ́n wá rà ni?” Alhaja mú mi dání lọ síbẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin náà lọ tán, Alhaja kọjú sí Àǹtí.

“Ìyá Ìbejì, o kọ ọ́ àbí o ò kọ ọ́?”

“Mo kọ ọ́, Alhaja. Sátidé tó ṣáájú ẹrù yẹn. Méjì ni mo tẹ̀.”

Alhaja wò mí. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi sórí káńtà, lẹ́bàá fíríìjì. Àmì gírìnì mẹ́ta tò léra wọn.

“Kò sí àṣìṣe lọ́dọ̀ ẹ̀rọ, Alhaja. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ.”

Òótọ́ ni ohun tí mo sọ yẹn, bí o bá mú un ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ká ní mo dákẹ́ síbẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n Alhaja ṣì ń wò mí, èmi náà sì jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kí nǹkan wà láìnídìí. Mo wá rọra fi kún un pé, “Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbàgbé láti séèfù ẹ̀ ni.”

Mo ti ro ‘ó lè jẹ́’ yẹn wò lọ́pọ̀ ìgbà. Mo lò ó torí n kò fẹ́ sọ ohun tí n kò rí bí ẹni tó rí i. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ń ṣọ́ mi kí n má purọ́. Ní etí Alhaja, ẹ̀rí ni. Àǹtí kò bá mi jà. Wọ́n kàn pè mí, “Ẹnjiníà,” láìsí yẹ̀yẹ́ kankan nínú ohùn wọn, wọ́n yọ bírò lẹ́yìn etí, wọ́n sì gbé e ka orí káńtà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Alhaja ní kí wọ́n ṣì máa gbé ilé ná. Lọ́jọ́ kejì, ínsúlìn wà nínú ẹrù tó dé sí Bọ́ládé. Kò sẹ́ni tó béèrè àkọsílẹ̀ tó sọ fún sítọ́ọ̀ pé ó ti ń tán.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ìyá mi pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n ẹ ti bímọ o! Obìnrin ni. Àárọ̀ yìí ni.”

“Ẹ kú oríire, mà. Ọjọ́ wo la máa sọ ọ́ lórúkọ?”

“Òní ọjọ́ mẹ́jọ. Tètè gbàyè níbi iṣẹ́.”

“Ó dáa, mà. Fúráìdeè.”

“Fúráìdeè báwo? Tọ́sìdeè tó ń bọ̀! Ṣé ọmọ tí wọ́n bí lónìí, òní kọ́ ni ọjọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni? Àbí ìwé tí o kà ló gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ mi. Òní, ọ̀kan. Ọ̀la, méjì. Nígbà tí mo dé ìka kẹjọ, Ọjọ́bọ̀ ni. Mo ti mọ̀ ọ́n látìgbà èwe. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ka ọjọ́ ọjà nílé, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ka ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. N kò kàn gbé e gun àtẹ̀gùn yàrá mi ni. Ẹ̀rọ kì í ka òní mọ́ ọn. Ọjọ́ Ajé ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn náà Ọjọ́rú, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an sì ni ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, pẹ̀lú àmì gírìnì rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa ṣí inú àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ nìyẹn. Mo ti ń wo àmì tó wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, n kò ka ohun tó gbé. Nínú èyí tó dé ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rí i: ínsúlìn, ìgò méjì. Ọjọ́ tí wọ́n séèfù ẹ̀: Sátidé, ìrọ̀lẹ́, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Ó ti wà níbẹ̀ nígbà tí mo ṣí kọ̀ǹpútà sórí káńtà. Ká ní mo tẹ bọ́tìnnì méjì péré lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá ti rí i lójú Alhaja, lójú Àǹtí.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sọ fún Alhaja lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn.

“Mo ní ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ. Mọ́ńdè sí Mọ́ńdè.”

“Ẹ̀rọ kì í ka òní, mà.”

“Ìwọ ńkọ́? Ìwọ náà kì í ka òní?” Wọ́n nu gíláàsì náà fún ìgbà pípẹ́. “Èmi náà, mi ò tiẹ̀ béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Màá pe Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n ìwọ, fẹsẹ̀ ara ẹ lọ bẹ̀ ẹ́.”

Ní Sátidé, mo lọ sí Òkè-Àfà. Àǹtí jókòó lórí àpótí lójúde, wọ́n ń fọ aṣọ ilé-ìwé àwọn ìbejì nínú báfù. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé, ó sì gùn jù: nọ́mbà, àpótí méjì, òní tí ẹ̀rọ kì í kà. Wọn kò dáwọ́ fífọ̀ dúró. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọwọ́ tó hó fún ọṣẹ sókè, wọ́n ka ìka wọn láti Mọ́ńdè dé Mọ́ńdè, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ọjọ́ mẹ́jọ! Ẹnjiníà, ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ.” Ẹ̀rín náà tán. “Ìyẹn, ti ẹ̀rọ nìyẹn, ó yé mi. Pé mi ò séèfù ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ̀rọ náà ló sọ ìyẹn?”



“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Alhaja fẹ́ kí ẹ padà.”

“Alhaja ti pè mí, wọ́n sì ti bẹ̀ mí. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni, dìde nílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo Bọ́ládé ló gbọ́ ohun tí ọmọ Bàbá yẹn sọ. Ṣé wàá máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o máa sọ fún wọn pé mo kọ ọ́?”

Wọn kò padà. Wọ́n ríṣẹ́ mìíràn lọ́nà Èjìgbò nígbà tó yá. Ara Bàbá yá, wọ́n sì ń béèrè Àǹtí títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ibòmíràn ni mo wà báyìí, irú iṣẹ́ kan náà ni mo ṣì ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọjọ́ mélòó kan fún mi, mo máa ń ní kó dárúkọ ọjọ́ náà. Ìyẹn kò le, ẹ̀ẹ̀kan péré ni èèyàn ń kọ́ ọ. Èyí tí n kò tíì kọ́ tán ni bí a ṣe ń gbọ́ ẹni tó ní “Mo kọ ọ́” kí a tó wo àmì gírìnì. Lọ́jọ́ tí mo ṣàtúnṣe ti Bọ́ládé, mo yí i sí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ náà ní àyè kékeré kan nísàlẹ̀ tí èèyàn lè kọ àlàyé sí, ọ̀pọ̀ wa kì í kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: Mọ́ńdè sí Mọ́ńdè. Lẹ́yìn náà, mo tún kọ gbólóhùn kan tí kò ní yé ẹni tó bá gbaṣẹ́ lẹ́yìn mi, tó sì ṣeé ṣe kó pa á rẹ́. Ibi tí ó yẹ kí n ti sọ ọ́ ni iwájú fíríìjì yẹn, lójú Alhaja: Wọ́n kọ ọ́.