Kí Fóònù Ìyàwó Mi Tó Di Tuntun

Nígbà tí wọ́n pín ẹrù ìyàwó mi lẹ́yìn ìsìnkú, fóònù rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Ìdóànì. N kò sọ̀rọ̀ sí i. Ẹrù obìnrin, ti àwọn àbúrò rẹ̀ ni. Mo kàn kó àwọn fọ́tò inú rẹ̀ sínú fóònù tèmi kí n tó gbé e lé e lọ́wọ́.

Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi gbé e padà wá bá mi ní Ọ̀wọ̀.

"Bọ̀dá, áàpù báńkì ò gbà láti ṣí lórí ẹ̀. Ó ní wọ́n ti tú fóònù yìí. Kí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe sí i?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ẹ ò mọ̀ ni, àbí ẹ ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ni?"

A jọ gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí Pólì. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní jéèlìbíréèkì ni wọ́n ṣe fún un: wọ́n já ìdè tí ilé-iṣẹ́ fi sí i, kí ó lè gba ohun tí kì í gbà tẹ́lẹ̀. Ó ní òun lè dá a padà sí bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ jáde, ṣùgbọ́n gbogbo ohun inú rẹ̀ ni yóò parẹ́.

"Sà, ṣé kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mú níbẹ̀? Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí àtúnṣe."

"Kò sí."

Bí mo ṣe máa ń dáhùn nìyẹn. Ó ti ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnì, ló bá dúró. Ó ní òun kì í ṣe é láìwo ìdí tí wọ́n fi já a. Ó wá a títí, ó sì rí i: ohun kan tó ń gba ìpè sílẹ̀. Ìpè inú rẹ̀ pọ̀ lọ súà.

"Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń gbà sílẹ̀," ó ní. Ó ka nọ́ńbà náà sókè. Tèmi ni.

Ìyàwó mi ṣe tíṣà ní Ìdóànì fún ọdún púpọ̀; ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wálé. Òun ló tì mí padà sí ilé-ìwé lẹ́yìn tí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ní ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń pè é.

Obìnrin náà tẹ ọ̀kan. Ohùn ìyàwó mi jáde láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀. Ó ń sọ ti òjò, ti ọmọ iléèwé kan tó sùn lórí ìdánwò, ti iṣu tí ẹnì kan bá a mú wá láti Ìpele. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ohùn mi: "Ẹn. Ó dáa."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbà á sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni tòní. Àná, ẹyọ kan ni."

Mo rántí ọjọ́ tó sọ ọ́. Mo rò pé àwàdà ni.

"Ẹ wò ó," àbúrò rẹ̀ ní, "ẹ̀gbọ́n mi lọ já odindi fóònù nítorí 'ó dáa'." Ó yíjú sí títì.

Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ mi kò tó ohun tí èèyàn ń tọ́jú.

Obìnrin náà kó gbogbo rẹ̀ sórí mẹ́mórì kan. Ó ní kí n gbọ́ mẹ́ta lórí fóònù tèmi ná, kó lè dá mi lójú. Mo gbọ́ wọn. Ìgbà yẹn ló tó tẹ bọ́tìnì. Ojú fóònù ṣókùnkùn. Ìlà funfun tín-ínrín kan ń rìn, ó ń rìn. Nígbà tó parí, fóònù náà kí wa ní èdè kan, ó tún kí wa ní òmíràn, bí ẹni tí kò mọ ilé tó dé sí. Mo wò ó bí mo ṣe wo àkọ́bí wa lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

Àbúrò ìyàwó mi gbé e lọ. Nírọ̀lẹ́, ó pè mí pé òun ti dé Ìdóànì, áàpù báńkì sì ti ṣí. Ó ń dúró kí n ní ó dáa. Mo bi í bí ọ̀nà ṣe rí. Mo bi í bóyá òjò rọ̀ lọ́hùn-ún, bóyá iṣu wọn ti ń ta. Mo sọ fún un pé mo ti gbọ́ márùn-ún sí i, àti ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ nípa rẹ̀ nínú ọ̀kan.

"Bọ̀dá," ó ní, "ṣé ẹ̀yin náà lẹ ń sọ̀rọ̀ yìí?"