Orúkọ Tí Mo Sọ Dísìkì

Mo rántí ìgbà tí ọyẹ́ kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wa tètè jí ní Òmù-Àrán. Owó epo tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ ti gbẹ, wọ́n ti dá ọkọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó, a sì ti kó ẹrù wálé bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ kọ̀ǹpútà tí mo rí ní ilé-ìwé kan ló ń bọ́ wa. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la ní. Dísìkì méjì tó ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí ló wà nínú rẹ̀: ògbólógbòó tí a fi ń dánra wò, àti tuntun tí iṣẹ́ ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ń pe ọ̀kan ní Kìíní, ó ń pe èkejì ní Kejì.

Èmi tí mo gbọ́n lójú ara mi, mo gbà pé èyí tó pẹ́ jù níbẹ̀ ni Kìíní. Ṣebí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nílé ọkọ mi: ìyàwó tó bá kọ́kọ́ wọlé ni àgbà, kódà bó sùn di ọ̀sán. Ẹ̀rọ ò mọ àgbà o! Èyí tó bá kọ́kọ́ jí ló ń pè ní Kìíní. Bí ọyẹ́ bá mú, ògbólógbòó á pẹ́ jí, tuntun á gba orúkọ rẹ̀. A ó wá iṣẹ́ ìdánwò lọ sínú Kejì, ìdánrawò la ó bá níbẹ̀. Pírínsípà bínú títí. Ó ní, "Ìyàwó wa, bí iṣẹ́ àwọn ọmọ bá tún dàwátì níwájú àwọn olùdánwò, màá ti yàrá yìí pa."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gbá àgbàlá, mo ń kí àwọn àbúrò ọkọ mi bí wọ́n ṣe ń jáde. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, nítorí náà ohun tí mo rí lára wọn ni mo fi sọ wọ́n lórúkọ.

"Eyínfúnjowó, ẹ káàárọ̀ o. Adúmáadán ńkọ́?"

Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ó ṣì ń sùn. Àbúrò ti jí ṣáájú ẹ̀gbọ́n lónìí!"

Ọwọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Eyínfúnjowó tó jẹ́ àbúrò ṣáájú jí, síbẹ̀ kò di Adúmáadán!

Mo sáré lọ sílé-ìwé. Mo kọ orúkọ sínú dísìkì kọ̀ọ̀kan, mo sì pa á láṣẹ fún ẹ̀rọ pé orúkọ yẹn ni kó máa wò, kó má wo èyí tó kọ́kọ́ jí mọ́. Mo sọ ògbólógbòó ní Bàbá Onísùúrù. Tuntun ń dán, mo sọ ọ́ ní Ìbàdíàrán.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọyẹ́ mú gan-an, ògbólógbòó sì pẹ́ jí. Pírínsípà dúró lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo ní kí ẹ̀rọ ṣí Ìbàdíàrán. Iṣẹ́ àwọn ọmọ yọ, kò sí èyí tó sọnù. Àwọn ọmọ hó yèè!

Olùdánwò kan rí orúkọ náà lójú ẹ̀rọ, ó béèrè pé, "Ta ló ń jẹ́ Ìbàdíàrán níbí?"

Pírínsípà tí kò mọ nǹkan kan dá a lóhùn pé, "Òṣìṣẹ́ wa tó dáńgájíá jù lọ ni." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Wọn ò ti yàrá náà. Àwọn ẹ̀rọ òde òní ti ń fi ohun tó wà lára dísìkì dá a mọ̀ fúnra wọn, èmi náà sì ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọjá lẹ́bàá ilé-ìwé yẹn, tí mo gbọ́ ariwo àwọn ọmọ nínú yàrá kọ̀ǹpútà, inú mi máa ń dùn. Mo máa ń rọra rìn, kí n lè gbọ́ ọ pẹ́.