Ẹranko Tí Mo Gé Kúrò

Òórùn íńkì àti kẹrosíìnì ló máa ń jí mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ṣómólú. Ìsàlẹ̀ ilé wa ni Bàámi ti ń tẹ̀wé, kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀, òórùn iṣẹ́ wọn ti gba gbogbo yàrá. Títí dòní, tí òórùn yẹn bá ta sí mi nímú, Síkírà ọ̀rẹ́ mi ni mo máa ń rántí.

Ará Ìsàlẹ̀ Èkó ni òun àti àwọn òbí rẹ̀. Yàrá tó kọjú sí tiwa ni wọ́n ń gbé, kíláàsì kan náà la sì wà. Lọ́dún tí a fẹ́ jáde ní pámárì, tíṣà wa ní kí a ṣe fíìmù nípa àwọn ẹranko sànmánì Tìráyásíìkì, tí wọ́n ti wà láyé tipẹ́tipẹ́ kí èèyàn tó dé. Fíìmù wo? Páálí lásán ni! A gé ojú rẹ̀ bíi tẹlifíṣọ̀n, a ya àwòrán sórí ìwé gígùn, a wé e mọ́ igi méjì. Èmi ni màá máa yí igi, Síkírà ni yóò máa ṣàlàyé.

Ẹranko mẹ́fà la ṣà nínú ìwé tí tíṣà yá wa. Èmi mú eléyín ṣóńṣó tó jọ ọ̀nì, mo mú ọlọ́rùn gígùn, mo mú èyí tó ń fò. Síkírà mú mẹ́ta tó kù, ó sì fi Lisitirosọ́ọ̀rọ̀sì ṣe ìkẹyìn: ó sanra, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, eyín méjì yọ síta lẹ́nu rẹ̀.

"Ó wà lára àwọn tó ṣẹ́kù nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹranko kú," ló sọ fún mi. "Ṣadé, kò rẹwà o, àmọ́ kò kú."

Àwọn ọmọ kíláàsì rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ọmọ Àlájì ń ya ẹlẹ́dẹ̀!" Ojú tì mí ju Síkírà lọ. Ipò kìíní ni mo ń wá.

Nígbà tó ku ọ̀la, mo gbé ìwé náà lọ bá Bàámi kí wọ́n bá mi gé etí rẹ̀ kó gún. Lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ibi tí o bá fi pẹ́ńsù sàmì sí ni wọ́n máa gé. Mo sàmì sí ẹ̀yìn ẹranko karùn-ún. Bàámi wò mí. "Ṣé ibí yìí dá ẹ lójú? Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ o." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wọ́n gé e.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Síkírà, tí wọ́n ń ta bọ́tìnnì ní Onípánu, ti ṣọ́ọ̀bù wọn wá wò wá. Síkírà sọ̀rọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ẹranko karùn-ún, ó rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ó wá ku ẹyọ kan, èyí tí mo fẹ́ràn jù." Mo yí igi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wò mí, mo wolẹ̀, ó sì mọ̀. Ló bá kọjú sí àwọn èèyàn, ó sọ ìtàn ẹranko náà láìsí àwòrán títí ó fi parí. Ipò kìíní la gbà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kó lọ sí Bàrígà. Ó dùn mí, àmọ́ mi ò lè sọ pé ó dùn mí.

Fíìmù gidi ni mo ń ṣe báyìí. Lọ́dún yìí, àwọn ẹranko sànmánì yẹn náà ló kàn, a ò sì lè lò ju márùn-ún lọ. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n yọ èyí tó jọ ẹlẹ́dẹ̀ kúrò. Òun ni mo fi ṣe àkọ́kọ́. Mo wá nọ́ńbà Síkírà rí, mo tọrọ àforíjì, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó wá fi ohùn rẹ̀ ṣàlàyé.

Ó bi mí lórí fóònù pé, "Ta ló máa to àwòrán náà?"

"Èmi ni."

"Màá wá. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ ni màá jókòó sí títí wàá fi tò ó tán."

Mi ò jiyàn. Èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá ọjọ́ yẹn ò lè wo Síkírà lójú. Èmi àgbà yìí ti gbé àga kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi dè é.